Ilẹ̀ Ṣú Wa Sí Lálúpọn: Níbo Lèèyàn Ń Sùn Tí Kò Ránṣẹ́ Ṣáájú?

Lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ibi ìdùbúlẹ̀ la fẹ́ sọ. Ẹ fi suuru bá mi lọ, nítorí ọ̀rọ̀ tó kàn yín ni.

Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí? Ẹ jáde nílé láàárọ̀, ẹ ní ẹ máa padà dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Mọ́tò bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹrù wà lẹ́yìn ọkọ̀, owó ọjà wà nídìí ìró, òkùnkùn ti kùn, ẹ ò sì mọ ẹyọ ẹnì kan nínú ìlú tẹ́ ẹ wà. Ẹ ò ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni pé ẹ ń bọ̀ wá sùn. Kí lẹ máa ṣe?

Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí, ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí.

Èmi àti àwọn ìyá mẹ́ta kan la jọ wọ lọ́rì láti Ìwó. Bódìjà ni lọ́rì ń lọ, iṣu àti ata ló kó. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà ti dàgbà, ata ló ń tà, òun ni gbogbo wa ń pè ní Ìyá Aláta. Ọ̀kan gbé ọmọ oṣù márùn-ún pọ̀n. Ẹ̀kẹta kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, iṣu tiẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ọkọ̀. A ṣáà ń bọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́jọ alẹ́ lù, a kù díẹ̀ ká wọ Lálúpọn, la bá gbọ́ gbòlà! Táyà ẹ̀yìn ti bẹ́.

Dírẹ́bà sọ̀kalẹ̀, ó wo táyà, ó wo òkè ọ̀run. Ó ní kí ọmọ mọ́tò gbé ìkejì wá. Àṣé ìkejì náà kò ní atẹ́gùn nínú! Àwọn tó ń lẹ táyà ti ti ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n ti lọ sílé. Dírẹ́bà kọjú sí wa, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá, ó di òwúrọ̀ o. Ẹ lọ wá ibi tẹ́ ẹ máa fẹ̀yìn lé."

Ọ̀rọ̀ ńlá dé. Ká wá ibi tá a máa fẹ̀yìn lé, lọ́dọ̀ ta ni?

A kan ilẹ̀kùn ilé àkọ́kọ́. Iná wà nínú ilé. A ní, "Ẹ jọ̀ọ́ o, àlejò ni wá." Kẹ́ẹ́ ni iná kú. Kò sẹ́ni tó dá wa lóhùn.

A kan ilẹ̀kùn ilé kejì. Bàbá kan tó tó ọmọ àádọ́ta ọdún jáde, àdá ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fetí sí wa dáadáa. Ó wá ní, "Ẹ má bínú sí mi. Mo gba àlejò kan lọ́dún méjì sẹ́yìn. Pálọ̀ mi ló sùn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, n ò rí i mọ́, n ò sì rí ọ̀kadà mi." Ló bá ti ilẹ̀kùn.

Ìyá ọlọ́mọ pòṣé ràǹdọ̀. Ìyá Aláta ní kó má pòṣé. Ó ní, "Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Bàbá yẹn ò burú. Àwa la gba ibi tí kò yẹ. Ẹnu ọ̀nà kọ́ làlejò ti ń bẹ̀rẹ̀."

Ẹ wá wo ọgbọ́n àgbà. Ìyá yìí dá wa padà sí ojú títì. Obìnrin kan ń din àkàrà lábẹ́ àtùpà níbẹ̀. Ìyá Aláta ra àkàrà fún gbogbo wa, ó jókòó sórí àpótí, ó jẹ tirẹ̀ tán, ó mu omi. Ìgbà yẹn ló tó la ẹnu. Ó ní, "Ìyá oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ mi, lọ́rì wa ló bàjẹ́ sókè lọ́hùn-ún. Ta ni àgbà àdúgbò yìí tá a lè lọ kí?" Ẹ gbọ́ o, kò bèèrè ibi tá a máa sùn sí. Àgbà tá a máa kí ló bèèrè. Aláàkàrà rán ọmọ rẹ̀ pé kó mú wa lọ.

Bàbá àgbàlagbà kan ni wọ́n mú wa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. A kúnlẹ̀, èmi dọ̀bálẹ̀. Ìbéèrè márùn-ún ló bi wá: Níbo lẹ ti ń bọ̀? Níbo lẹ ń lọ? Ta lẹ mọ̀ n'Íbàdàn? Ta ló ni lọ́rì? Nọ́ńbà fóònù ta ni mo lè pè báyìí? Ó gba nọ́ńbà ọkọ ìyá ọlọ́mọ, ó pè é lójú wa, wọ́n sọ̀rọ̀. Ó wá pe àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò, ó ní, "Àlejò mi nìwọ̀nyí." Ó tẹ́ ẹní fún wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìyá ọlọ́mọ ni wọ́n mú wọ inú ilé lọ bá àwọn obìnrin.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Kò tíì parí.

Dírẹ́bà àti ọmọ mọ́tò ló sùn ti ẹrù. Dírẹ́bà sùn síwájú ọkọ̀. Ọmọ mọ́tò, nítorí òtútù àti ìrì, wọ abẹ́ lọ́rì lọ. Nígbà tó di ìdájí, ẹni tó ń lẹ táyà dé, wọ́n fi atẹ́gùn sí ìkejì, wọ́n dè é. Gbogbo wa ti ń kó ẹrù wa wọlé ọkọ̀. Dírẹ́bà rò pé ọmọkùnrin yẹn ti lọ bọ́jú. Ó fò sókè, ó ta iná sí ọkọ̀. Ìyá Aláta ló figbe ta: "Dúró! Dúró! Ọmọ wà lábẹ́!" Àṣé ọmọ náà ti yí lójú oorun, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà níwájú táyà tá ò yọ. Ká ní ọkọ̀ sún síwájú ní ìwọ̀n àpá kan péré, ọ̀rọ̀ mìíràn ni ǹ bá máa kọ lónìí. Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ara mi ṣì ń gbọ̀n.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká jọ sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ibi tí èèyàn sùn sí lójú ọ̀nà lè mú èèyàn délé, ó sì lè má jẹ́ kó délé.

Àwọn tó mọ ìtàn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àlejò kò ṣàjèjì sí Lálúpọn. Ní July 1966, Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi, tó jẹ́ olórí ìjọba ológun nígbà náà, wá bá àwọn ọba ṣèpàdé n'Íbàdàn. Ọ̀dọ̀ Adékúnlé Fájuyì, gómìnà Ìwọ̀ Oòrùn, ló dé sí. Lóru mọ́jú ọjọ́ 29 oṣù náà, àwọn sọ́jà yí ilé ìjọba ká. Wọ́n mú àlejò, wọ́n mú onílé. Ọ̀nà Ìwó ni wọ́n gbé àwọn méjèèjì gbà, Lálúpọn níbí ni wọ́n sì pa wọ́n sí. Ohun táwọn èèyàn ń sọ láti ìgbà náà ni pé Fájuyì ní òun ò ní yọwọ́ lọ́rọ̀ àlejò òun, ibi tí wọ́n bá mú un lọ, kí wọ́n mú òun náà lọ. Àwọn mìíràn ní wọ́n ti ní òun náà lọ́kàn tẹ́lẹ̀. Èyí ó wù ó jẹ́, orúkọ tó kù sí Fájuyì lára nílẹ̀ Yorùbá ni ti onílé tó bá àlejò rẹ̀ kú.

N ò ní kẹ́nikẹ́ni kú nítorí àlejò o. Ẹ̀mí yín á gùn. Ṣùgbọ́n nínú ìlú tí irú ìtàn yìí ti ṣẹlẹ̀, ó yẹ ká lè bi ara wa pé: báwo la ṣe lè gba àlejò, kí onílé má pàdánù ọ̀kadà, kí àlejò náà má pàdánù ẹsẹ̀?

Àwọn bàbá ńlá wa ti rí ọ̀nà àbáyọ sí i. Láyé ìgbà tí odi yí ìlú ká, àlejò kì í já wọ ilé onílé. Oníbodè ló máa kọ́kọ́ rí i. Wọ́n á mú un lọ sọ́dọ̀ olórí ìlú, olórí ìlú ló máa fi í wọ̀ sílé ẹnì kan. Òyìnbó tó ń jẹ́ Clapperton gba Àgbádárìgì wọlé ní ìparí ọdún 1825, ó dé Ọ̀yọ́ Ilé ní January 1826. Ọ̀pọ̀ ìlú tó gbà kọjá, ọ̀dọ̀ olórí ìlú ni wọ́n ń mú un lọ, wọ́n á sì fún un nílé tó máa sùn. Ìlú ló gbà á, kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Tó bá ṣe ohun tí kò dáa, ìlú ló máa bi í.

Àwọn Hausa náà ní tiwọn. Zango ni wọ́n ń pe ibi táwọn oníṣòwò tó ń rìn jìnnà ti máa ń sọ ẹrù kalẹ̀ sinmi. Ibẹ̀ ni orúkọ Zongo ti wá, tó wà ní Kumasi àti Accra ní Ghana. N'Íbàdàn tiwa níbí, ọdún 1916 ni wọ́n dá Sábó sílẹ̀. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá kó màlúù wá láti Òkè Ọya, tàbí tó wá ra obì, kò ní wá òtẹ́ẹ̀lì kiri. Ọ̀dọ̀ maigida rẹ̀ ló ń lọ. Maigida á fún un níbùsùn, á fún un lóúnjẹ, kò ní gba kọ́bọ̀ owó ilé. Ọ̀fẹ́ ni àbí? Rárá o. Tí wọ́n bá ta màlúù tán, maigida á gba owó làáńdà tirẹ̀. Ẹ rí i pé àlejò di ọ̀nà oúnjẹ fún onílé, onílé náà sì di ẹlẹ́rìí fún àlejò. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí ẹnì kan bẹ̀rù ẹnì kejì.

Ẹ̀yin tí ẹ bá sì ń rò pé ẹ̀yin ni onílé títí ayé, ẹ bi àwọn ará wa tó ṣòwò ní Ghana. Ní November 1969, ìjọba ibẹ̀ fún àwọn àlejò tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó jáde. Àwọn tó ti kọ́lé, tó ti bímọ síbẹ̀, padà di arìnrìn-àjò mọ́jú. Òní la rí, kò sẹ́ni tó mọ ọ̀la.

Lókè òkun náà, ọ̀rọ̀ yìí wà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan ń wa mọ́tò tí ibùsùn, ibi ìdáná àti ṣáláńgá wà nínú rẹ̀, bí ilé tó ń rìn. Wọ́n ní pápá tí wọ́n ti máa ń páàkì sùn. Ọ̀pọ̀ pápá yẹn, ó ti yá kẹ́ ẹ san owó sílẹ̀ ní oṣù bíi mélòó kan ṣáájú. Ṣùgbọ́n ibòmíràn wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni àyè. Àwọn tí kì í ránṣẹ́ ṣáájú mọ ọgbọ́n tiwọn: wọ́n ń tètè dé kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ń yẹra fún Sátidé àti ọjọ́ ìsinmi, wọ́n ń bi ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀. Ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ wà lápá ìwọ̀ oòrùn wọn tí wọ́n lè sùn sí lọ́fẹ̀ẹ́, ó sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ 14, kí wọ́n tó ṣí lọ. Àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá bíi Walmart náà, àwọn ẹ̀ka wọn kan ń jẹ́ kí wọ́n páàkì mọ́jú, tí máníjà bá ti gbà. Ẹ rí i? Òyìnbó náà ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ilẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú un wálé. Ohun tí mo rí kọ́ lọ́wọ́ Ìyá Aláta, àti lọ́wọ́ àwọn dírẹ́bà tí mo bi léèrè lẹ́yìn náà, nìyí.

Èkíní, ẹ má jẹ̀ẹ́ kílẹ̀ ṣú kẹ́ ẹ tó wá ibi tẹ́ ẹ máa sùn. Tó bá ti di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, tẹ́ ẹ sì rí i pé ẹ ò lè délé, ẹ dúró ní ìlú tó bá wà níwájú yín. Ẹni tó wá ibùsùn lójúmọmọ, àlejò ni. Ẹni tó wá a lóru, olè ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè é.

Èkejì, ẹ má kan ilẹ̀kùn ojú ọ̀nà. Ẹ lọ síbi tí èrò wà: ọjà, gáréèjì, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé epo tí iná wà. Ẹ bèèrè olórí ibẹ̀: ìyálọ́jà, alága gáréèjì, lémọ́ọ̀mù, pásítọ̀, máníjà. Ẹ ra nǹkan kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀, kódà kó jẹ́ pyọ̀wọ́tà. Ẹni tó bá rajà lọ́wọ́ rẹ, oníbàárà ni, kì í ṣe àjèjì mọ́. Ẹ̀sìn méjèèjì ló mọyì àlejò. Mùsùlùmí mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ̀tọ́ àlejò lọ́rùn onílé. Onígbàgbọ́ náà kò gbàgbé pé Màríà àti Jósẹ́fù dé Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, ilé èrò kún, ibùjẹ ẹran ni wọ́n tẹ́ ọmọ sí.

Ẹ̀kẹta, ẹ ní ẹ̀rí. Ẹ fi orúkọ yín, ìlú yín àti nọ́ńbà ẹnì kan sílẹ̀ fún onílé kó tó bèèrè. Ẹ fi nọ́ńbà mọ́tò tẹ́ ẹ wọ̀ ránṣẹ́ sílé. Ẹ sọ orúkọ àgbà tẹ́ ẹ dé sọ́dọ̀ rẹ̀ fún wọn. Ìwọ̀nba owó tẹ́ ẹ máa ná ló yẹ kó wà nítòsí ọwọ́. Ẹ má ṣí àpò owó ọjà lójú èèyàn.

Ẹ̀kẹrin, tó bá jẹ́ inú mọ́tò lẹ máa sùn, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Tẹ́ ẹ bá tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ tẹ́ ẹ sì ti gbogbo fèrèsé, èéfín kan wà tí kò ní òórùn, tójú kò sì rí. Ó ń pa èèyàn lójú oorun, ẹni náà kò ní jí. Jẹnẹrétọ̀ náà bẹ́ẹ̀, ẹ má tan án sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí nítòsí fèrèsé ibi téèyàn ń sùn. Kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ sùn sábẹ́ ọkọ̀. Mo tún un sọ: kò sí! Kì í báà ṣe pé òkúta wà nídìí táyà. Kí dírẹ́bà tó tan iná sí ọkọ̀ láàárọ̀, kó ka orí gbogbo èèyàn rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ìyá ọlọ́mọ kò gbọ́dọ̀ jáde lọ sọ́jà jíjìn láìmú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, tọ́ọ̀ṣì, omi àti ìró kejì dání. Ẹ̀fọn kò mọ̀ pé àlejò lẹ jẹ́.

Ẹ̀kẹfà, ìwà àlejò. Ẹ má rìn kiri inú ilé. Ẹ má bèèrè ohun tí wọn ò fi lọ̀ yín. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ ká ẹní, ẹ gbálẹ̀, ẹ lọ kí onílé kẹ́ ẹ tó lọ. Bàbá tó gbà wá ní Lálúpọn kò gba owó lọ́wọ́ wa. Ìyá oníṣu, tí kì í sọ̀rọ̀, ló gbé iṣu mẹ́ta kalẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Ojú àlejò ni wọ́n ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń san án. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí onílé jẹ gbèsè nítorí yín.

Sí ẹ̀yin dírẹ́bà: àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ń sọ ọ́ fún yín pé kẹ́ ẹ máa sinmi lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin lórí ìdarí ọkọ̀. Kí oorun tó gbé yín, ẹ yà sápá kan. Àwọn onítírélà mọ Ògèrè, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dúró. Ẹ̀yin ọlọ́rì kékeré, níbo ni Ògèrè tiyín?

Ibẹ̀ ni mo fẹ́ fi parí rẹ̀. Ẹ̀yin ìyálọ́jà àti ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ní Lálúpọn, Ìyànà Ọ̀fà, Mọ́níyà, Ẹgbẹ́dá àti gbogbo agbègbè wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Yàrá kan ṣoṣo nínú ọjà, tó ní ilẹ̀kùn tó ṣeé tì, ẹní mẹ́fà, garawa omi àti ìwé kan tí wọ́n ń kọ orúkọ àlejò sí. Ọdẹ ọjà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá sùn á san owó táṣẹ́rẹ́ fún ẹgbẹ́. Àlejò á níbi tó ń lọ. Bàbá tí wọ́n jí ọ̀kadà rẹ̀ á lè sùn láìfàdá sábẹ́ ìrọ̀rí. Ọmọ mọ́tò kò ní wọ abẹ́ lọ́rì nítorí ìrì mọ́. Ẹ ò rí i pé owó kékeré ló máa ná wa, a dẹ̀ máa gba ẹ̀mí là?

Tí ọjà yín bá ti ní irú rẹ̀, ẹ kọ̀wé sí wa, a ó tẹ̀ ẹ́ jáde ká lè fi kọ́ àwọn yòókù. Tí ilẹ̀ bá sì ti ṣú ẹ̀yin náà síbì kan rí, ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ sùn fún wa, àti ẹni tó gbà yín, àti ẹni tó lé yín. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.